Ẹni Tí Ìyá Mi Pọ̀n

Bí mo bá lọ sí Òmù-Àrán lónìí, àwọn àgbà tó ṣẹ́kù ṣì máa ń di ọwọ́ mi mú, wọn a ní, "Ṣé ọmọ Ìyá Ààlà nìyí? Háà, ẹ̀yin lẹ ní ìyá!" Èmi a kúnlẹ̀, n ó rẹ́rìn-ín, n ó dúpẹ́. Ohun tí n kì í sọ fún wọn ni pé àwọn ọmọ ẹlòmíràn ló ni ìyá náà jù. Èyí tó bá ṣẹ́kù la ń pín nílé. Ẹ má bínú sí mi. Irun mi ti funfun, àwọn ọmọ-ọmọ mi ń pè mí ní Màmá Àgbà, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò tíì ju ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lọ. Owú kì í gbó. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun jowú ní kékeré, pé ó sì ti tán lára òun, ẹ tún ojú rẹ̀ wò dáadáa.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, orúkọ Kwara ṣì jẹ́ tuntun lẹ́nu àwọn èèyàn. Bàbá wa, tó jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé ìjọ, a máa kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó, a ní kí àwọn ọmọ kà á sókè. Àwọn àgbà àdúgbò ní tiwọn a ní àwọn ò tíì rí ohun tó yí padà, nítorí ọ̀nà Òrò-Àgọ́ ò tíì dán sí i. Ọ̀nà yìí ló ń gba ìyá mi lọ́wọ́ mi. Ìjọ wa ní iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Iṣẹ́ Ààlà. Lẹ́yìn Òrò-Àgọ́, níbi tí ilẹ̀ Ìgbómìnà ti ń bá ilẹ̀ Nupe àti ti Yàgbà pààlà, àwọn abúlé kan wà nígbà náà tí wọn ò ní ilé ìwòsàn, tí ẹni tí ọmọ bá há mọ́ nínú kì í rí ibi sá sí. Ìyá mi ti kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí kí wọ́n tó bí mi. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni ọkọ̀ ìjọ ń wá gbé e, Ọjọ́bọ̀ ló ń padà. Ó ń gbẹ̀bí, ó ń wọn àwọn ọmọ ọwọ́, ó ń kọ́ àwọn ìyá pé kí wọ́n máa se omi kí wọ́n tó mu ún, bí tọkọtaya kan bá sì ń jà nítorí ọmọ tó ń ṣàìsàn, òun náà ni wọ́n ń pè kó wá parí rẹ̀. Gbogbo ilé ló gbà pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Èmi náà gbà. Ṣùgbọ́n láti Mọ́ńdè dé Ọjọ́bọ̀, n kì í gbádùn ohùn kankan nínú agbo ilé wa. Ìró odó tí ẹ̀gbọ́n mi Fúnkẹ́ fi ń gúnyán kò dùn létí mi, nítorí ó máa ń yára gún un bí ẹni tí wọ́n ń lé, iyán náà a sì ní kókó. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì a lù, ladani a pèrun lódì kejì ìlú, àwọn adìyẹ a máa jà sí ìyàngbò ọkà, gbogbo rẹ̀ a kàn máa lọ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń lọ. Ohùn tí mò ń retí kò ju fèrè ọkọ̀ kan lọ.

Èmi ni àbíkẹ́yìn. Wọ́n ní mo pẹ́ lẹ́yìn ìyá mi débi pé àwọn ará àdúgbò ń bi í léèrè bóyá ńṣe ló rán mi mọ́ aṣọ. Kódà nígbà tí mo ti tó ẹni tí ń pọnmi, ìṣe wa lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kò yí padà. Bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi láti mọ̀ bóyá ara mi gbóná, á wá yí ẹ̀yìn sí mi, á bẹ̀rẹ̀, n ó fò mọ́ ọn, á sì gbé mi láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ìkòkò omi. Kò jìnnà rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ń gbé gbogbo ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́bọ̀ kan tí ọyẹ́ ń mú, mo gbọ́ fèrè, mo sì sáré jáde. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀, kò kan ọrùn mi, ó kàn yí ẹ̀yìn pa dà láti gbé agbọ̀n rẹ̀, mo sì rí i pé èèyàn ti wà níbẹ̀. Ọmọ ọwọ́ kan ni. Orí rẹ̀ tóbi ju ọrùn rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ rí bí ojú arúgbó, kò sì sunkún, ó kàn ń wò mí. Ọ̀já tó fi gbà á mọ́ra, ọ̀já mi ni, èyí tí ìyá bàbá mi hun sílẹ̀ dè mí kí wọ́n tó bí mi.

"Ta nìyí?" ni mo bèèrè. Mi ò tiẹ̀ rántí kí i káàbọ̀.

"Àbúrò rẹ ni," ni ìyá mi wí. "Ẹkúndayọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú lọ́jọ́ tó bí i. Ìbídùn, má dúró síbẹ̀ kí o máa ranjú mọ́ mi, lọ gba ẹrù lọ́wọ́ Ìyá Àgbà."

Ìgbà náà ni mo tó rí arúgbó obìnrin tó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ láti inú ọkọ̀, tó gbé igbá kan mọ́ àyà. Òun ni ìyá ìyá tó kú. Òfin Iṣẹ́ Ààlà ni pé ìjọ kì í gba ọmọ lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀. Bí ìyá bá kú, tó sì dà bíi pé ọmọ fẹ́ tẹ̀ lé e, òṣìṣẹ́ ìjọ lè gbé e wá sílé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ bá a wá, kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe oúnjẹ rẹ̀, títí ọmọ á fi lágbára tó láti padà sílé. Wọ́n fún Ìyá Àgbà ní yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Ìjọ rán ẹlòmíràn sí ọ̀nà Òrò-Àgọ́ fún ìgbà díẹ̀, ìyá mi sì dúró sílé. Ẹ wò ó, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà kí ìyá mi dúró sílé láti Mọ́ńdè dé Mọ́ńdè. Ọlọ́run gbọ́, ó wá fi Dáyọ̀ ṣe èènì.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ Dáyọ̀ la fi ń jí, òun la fi ń sùn. Wàrà inú agolo wà lórí pẹpẹ, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kàn án. Ògì rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa: ẹ̀pà sísun tí wọ́n lọ̀ kúnná, ẹ̀wà tí wọ́n bó tí wọ́n sì yan, edé lílọ̀, gbogbo rẹ̀ a wọ inú rẹ̀. Ní Sátidé, ìyá mi a fi òṣùwọ̀n kọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò, á gbé Dáyọ̀ sínú aṣọ tó so mọ́ ọn, àwọn ìyá ìjọ a yí i ká, bí abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n bá sì sún díẹ̀, wọn a pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé ó ka Bíbélì tán. Ẹnikẹ́ni ò wọ̀n mí. Èmi ni wọ́n ní kí n máa lọ ẹ̀pà. Mò ń jẹ nínú rẹ̀, ìyá mi sì mọ̀, kò bá mi wí. Èyí gan-an ló tún bí mi nínú. Bó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, ojú rẹ̀ á ti wà lára mi tó láti bá mi wí. Lọ́jọ́ kan, mo fi ọmọ ọlọ sílẹ̀, mo ní, "Ṣebí ẹ̀yin àgbà lẹ máa ń sọ pé ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn."

Bàbá wa rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi fẹ́ já bọ́. "O ò tiẹ̀ ṣe tótó! Ọmọdé tó bá pòwe lójú àgbà, á ní tótó ṣe bí òwe."

"Tótó ṣe bí òwe," ni mo wí, inú sì ń bí mi.

"O ó rí òmíràn pa," ni bàbá mi dáhùn bí àgbà ti í dáhùn, ó tún bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ṣíbí gbá ògì kúrò ní àgbọ̀n Dáyọ̀. "Ẹnì kan ní í bímọ," ni ó wí, "igba èèyàn ní í wò ó. Lọ ẹ̀pà." Mo padà sídìí ọlọ, mò ń bi ara mi pé igba èèyàn ọ̀hún dà, nígbà tó jẹ́ èmi nìkan ni mò ń lọ ẹ̀pà.

Ìyá Àgbà ni mo rí bá kẹ́dùn. Abẹ́ ẹ̀bá òrùlé ilé ìdáná ló máa ń jókòó, a na ẹsẹ̀, a máa ṣa ẹ̀wà, ojú rẹ̀ kì í sì kúrò lẹ́yìn ìyá mi. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, Dáyọ̀ kò mọ ẹnikẹ́ni yàtọ̀. Bó ti ń lókun ló ń mọ ìyàtọ̀. Bí Ìyá Àgbà bá gbé e, á ya ẹnu, á na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọọrọ bí igi, á máa na ọwọ́ sí ìyá mi títí wọ́n á fi gbà á. Lọ́jọ́ kan tí ìyá mi ń wẹ̀ fún un, tó ń bá a ṣeré omi, Ìyá Àgbà pè mí, ó ní kí n jókòó sáàárín ẹsẹ̀ òun kí òun tú irun mi. Iṣẹ́ ìyá mi nìyẹn tẹ́lẹ̀. Irun náà ti wà lórí mi láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó ti ń rùn bí èéfín.

"Ìwọ náà ń jowú," ni ó wí, ó ń fi ìlarun ya ọ̀nà.

"Mi ò jowú o, Ìyá Àgbà."

"Ṣé èmi ni o fẹ́ purọ́ fún? Èmi tí mò ń jowú ju tìẹ lọ." Ó fa irun mi díẹ̀. "Ìyá rẹ gba ọmọ mi. Ọmọ mi gba ìyá rẹ. Àwọn méjèèjì wà lójú agbo, àwa méjèèjì la wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Jókòó dáadáa, jàre."

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ lèmi àti Ìyá Àgbà. Mo ń jí iṣu sísun fún un nínú iná kí ó tó kan ẹlòmíràn, òun náà ń sọ̀rọ̀ odò wọn fún mi, àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó kú, tó lè gba odò náà kọjá pẹ̀lú igbá ẹja lórí láìfọwọ́ dì í mú. Mo mọ̀ ní tèmi pé ohun kan náà la jọ ń fẹ́, kí Dáyọ̀ máa lọ sílé wọn. Ibi tí ọ̀nà wa ti yà ni pé òun fẹ́ kó lọ láàyè, èmi kò sì tíì ronú dé ìyẹn.

Ó wá di àárọ̀ kan. Eyín ń yọ lẹ́nu Dáyọ̀, ó ń yàgbẹ́ gbuuru, gbogbo ohun tí òṣùwọ̀n ti fi kún un sì ń yọ́ lọ lójú wa. Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo wà lórí ẹní, mo ń gbọ́ tí ìyá mi ń gbé e rìn ká àgbàlá, tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹkún náà kò dá. Ìyá mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. "Àjàní, ọmọ olókè tí í fi àpáta rọrí, ọmọ ẹlẹ́nu ọ̀nà gbàràmù tí àlejò ò ní kí ló dé..." Mo dìde jókòó. Oríkì ilé bàbá mi ni. Oríkì mi ni! Àràárọ̀ tó bá wà nílé, bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, ohun tó fi ń pe orí mi nìyẹn, á ní Àdùkẹ́, á kì mí láti ìdílé bàbá mi títí ara mi á fi yá. Ẹ má rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Obìnrin ilé nílẹ̀ wa, oríkì ilé ọkọ ló ń fi ń rẹ ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ a mọ́ ọn débi pé ọmọ tó bá ti sunkún lẹ́yìn rẹ̀, òun ni á jáde. Mo mọ èyí báyìí. Lọ́jọ́ náà, ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ti fún un ní wàrà, ó fún un ní ọ̀já, ó fún un ní ẹ̀yìn, kò sì ku ohun kan fún mi ju orílẹ̀ mi lọ, ó tún ń bù ú fún un. Èyí tó burú jù ni pé Dáyọ̀ dákẹ́. Ó gbọ́ oríkì wa, ó sì dákẹ́.

Mo sáré lọ bá Ìyá Àgbà láti sọ fún un. Ó ti gbọ́. Ó ti di aṣọ rẹ̀ sínú igbá, ó ń we gèlè. Ó jáde sí àgbàlá, ó na ọwọ́. "Ìyá Ààlà, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ẹ gbé ọmọ mi fún mi. À ń lọ sílé."

"Ìyá Àgbà, kí ló dé? Ṣé ẹnì kan ṣẹ̀ yín ni?"

"Ẹ fún un ní wàrà, mo dúpẹ́. Ẹ wẹ̀ fún un, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ń fi orílẹ̀ yín pe orí ọmọ mi, orí ọmọ mi sì ti ń dá yín lóhùn. Bó bá dàgbà, ilé ta ni yóò padà sí? Ọmọ tí ọmọ mi fi ẹ̀mí rẹ̀ bí, ṣé yóò wá di ará Òmù-Àrán ni?"

Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rí i pé kò mọ̀ pé òun ń ṣe é títí wọ́n fi sọ fún un. Bàbá wa jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ó ń bẹ arúgbó náà pé kó fi sùúrù sí i, pé ara ọmọ ò yá, pé ọ̀nà jìn, pé ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru báyìí kò ní dé Òrò-Àgọ́ láàyè. Ìyá Àgbà ní, "Bó bá kú, á kú lórúkọ tirẹ̀." Mo ti ń yọ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti ń wo ẹ̀yìn ìyá mi pé ó fẹ́ di òfìfo. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá ayọ̀ mi dúró. N kò fẹ́ ẹ nílé wa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé ibòmíràn tó ń lọ lè jẹ́ inú ilẹ̀.

Ìyá mi kò jiyàn. Ó tú ọ̀já, ó gbé Dáyọ̀ lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́, ó wọlé, ó gbé abọ́ ògì àti ṣíbí jáde, ó sì kúnlẹ̀ gbé wọn síwájú rẹ̀. "Mo jẹ̀bi, Ìyá Àgbà. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa fún un lóúnjẹ láti òní. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa pọ̀n ọ́n, ẹ̀yin ni kí ẹ máa kì í. N kò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ sáà má tíì gbé e lọ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Arúgbó náà jókòó sílẹ̀ lórí ẹrù rẹ̀, ó sì mú ṣíbí. Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ náà. Dáyọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó tu ògì sí i láyà, ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há, ó ń yí ọrùn kiri, ó ń wá ìyá mi. Ìyá Àgbà ń kì í lóríkì ilé tiwọn, "Àjàní, ọmọ a-gbé-ẹ̀bá-odò-má-fòǹgbẹ-sùn," ohùn òun náà sì ń há lọ. Ìyá mi wà nínú yàrá, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó di etí. Lọ́jọ́ kejì, ètè ọmọ náà ti gbẹ. Mo gbàdúrà fún un. Kí ẹ má baà rò pé inú mi ti dára: ohun tí mo sọ fún Ọlọ́run ni pé kó jẹ́ kó jẹun kó lè lágbára, kó lè lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó rẹ̀ ẹ́ láti máa ké, ó gbé orí lé àyà Ìyá Àgbà, ó sì ya ẹnu. Ó gba ṣíbí kan. Ó wo ojú ẹni tó fún un. Ó gba òmíràn.

Inú gbogbo ilé dùn. Mo yíjú sí ìyá mi tó dúró lójú fèrèsé, nítorí mo rò pé òun ni inú rẹ̀ máa dùn jù. Ó rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ó ní, "Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run." Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀! Mo mọ ojú náà. Èmi ni mo ti ń gbé e káàkiri ilé láti ìgbà ọyẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti rí àyè gbọ́ tèmi. Ó di irun mi, ó ran aṣọ mi tó ya, ó bá mi wí nítorí ẹ̀pà. Ohun gbogbo tí mo fẹ́ ni mo gbà, àfi pé bó ti ń bá mi sọ̀rọ̀, orí mi ló ń gbójú kọjá wo ilé ìdáná. Bí Dáyọ̀ bá sunkún níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ a dúró nínú irun mi.

Dáyọ̀ lókun, ó rìn. Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, òṣùwọ̀n fi hàn pé ó tó lọ sílé, ọkọ̀ ìjọ sì wá gbé wọn láàárọ̀ Mọ́ńdè kan. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ fún ìyá mi, ìyá mi sáré gbé e dìde, pé èèwọ̀, àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé, àwọn méjèèjì wá dì mọ́ra. Ìyá Àgbà fà mí létí, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ó tán, gba ìyá rẹ." Dáyọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jẹ ìka. Ìyá mi ní, "Àjàní, ó dàbọ̀." Ọmọ náà kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ọkọ̀ náà tu eruku bò wá, ó lọ.

Ìyá mi dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ìbídùn, ó yá, wá gun ẹ̀yìn." Mo fò mọ́ ọn. Mo ti ga ní ọdún náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàkíyèsí. Bó ti dìde, ẹsẹ̀ mi ń wọ́ nílẹ̀, mo ká wọn sókè, apá mi ń ro mí. Ó yẹ kó kọrí sínú ilé, síbi ìkòkò omi. Ọ̀nà Òrò-Àgọ́ ló kọjú sí. Ó ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn eruku ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ lù mí ní ìdí jẹ́jẹ́, ó ń jù mí sọ́tùn-ún sósì bí wọ́n ti í rẹ ọmọ ọwọ́. Mo mọ ẹni tó pọ̀n. N kò sọ̀ kalẹ̀.